Ìgbẹ́ adìyẹ rẹpẹtẹ kọ́ ló ń mú iṣu inú àpò ta

Ẹni tó bá fẹ́ gbin iṣu sínú àpò ìrẹsì lẹ́yìnkùlé, ìmọ̀ràn tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó wá ìgbẹ́ adìyẹ dáadáa, kó dà á sí i, iṣu á tóbi. Àwọn mìíràn a ní kó lọ kó erùpẹ̀ dúdú lórí ààtàn, kó fi kún àpò bámúbámú. Nígbà tó bá máa fi di oṣù kẹjọ, ìtàkùn ti bo ọ̀pá mọ́lẹ̀, ewé dúdú minimini, aládùúgbò ń yọjú wò ó. Wọ́n á wá ya àpò, wọ́n á bá iṣu tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tàbí èyí tí ìdí rẹ̀ ti rà. Wọ́n á ní èébù ni kò dára. Èébù ò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n kó sínú àpò ni kí wọ́n bi léèrè.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá kò ṣòroó mọ̀. Iṣu fẹ́ràn ilẹ̀ tuntun lóòótọ́. Òun ni àgbẹ̀ ń kọ́kọ́ gbìn sí oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, kí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tuntun kì í ṣe òkìtì ìgbẹ́. Ewé tó ti ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú eérú igbó tí a sun àti erùpẹ̀ tó tú, tí ọwọ́ ń wọ̀ láìfipá. Àgbẹ̀ tún wá kó o jọ ní ebè kí iṣu lè ráyè sọ̀ kalẹ̀, kí omi má sì dúró sí i nídìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lóko, ìwọ̀n tí a sábà máa ń gbọ́ ni tọ́ọ̀nù 5 sí 10 ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ fún hẹ́kítà kan. Bí ebè bá fi mítà kan jìnnà síra lọ́tùn-ún lósì, 10,000 ebè ló wà nínú hẹ́kítà náà. Ẹ pín in: ìdajì kílò sí kílò kan ló kan ebè kan. Ẹni tó fi ìgbẹ́ kún ìdajì àpò ìrẹsì kílò 50 ti da nǹkan bíi kílò 15 lé èébù kan ṣoṣo lórí. Oúnjẹ ebè 15 sí 30 nìyẹn, fún iṣu kan. Gbòǹgbò inú ebè tiẹ̀ lè nà lọ síbòmíràn bí ibì kan bá gbóná jù fún un. Ti inú àpò ò ríbi sá sí.

Ìjàǹbá tó ń ṣe ò sì mọ sí ọ̀kan. Náítírójìn ló pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ adìyẹ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ewé àti ìtàkùn. Bó bá pọ̀ lápọ̀jù, irúgbìn á máa ta ewé tuntun nígbà tó yẹ kó máa kó oúnjẹ lọ sísàlẹ̀. Iyọ̀ inú ìgbẹ́ náà á jó gbòǹgbò wẹ́wẹ́. Ẹ ó rí i létí ewé tó ń gbẹ bí ẹni pé iná lá a, bẹ́ẹ̀ omi wà nínú àpò. Bí ìgbẹ́ ò bá tíì jẹrà, ó tún ń gbóná bó ṣe ń jẹrà lọ, ooru rẹ̀ sì lè kọjá ìwọ̀n 50 lórí Celsius. Èébù tó wà láàárín rẹ̀ á sè kó tó hù. Lẹ́yìn èyí, àpò á wọ̀. Ohun tó bá jẹrà a máa súnkì: àpò tó kún dé ẹnu ní oṣù kẹta lè ti wọ̀ gan-an ní oṣù keje, orí iṣu á yọ síta, oòrùn á pa á. Ìyókù tó wà nísàlẹ̀ á di ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, ibẹ̀ ni ìdí iṣu ti ń rà.

Ti erùpẹ̀ ààtàn tún burú díẹ̀ sí i. Àfọ́kù ìgò àti nàìlọ́nù ṣeé ṣà kúrò, ṣùgbọ́n òjé tó jò láti inú bátìrì àtijọ́ kò ṣeé fojú rí, kò sì ń jẹrà. Ẹ má fi í gbin ohun tí ẹ ó jẹ.

Rọ́bà ọ̀dà lítà 4, èyí tí wọ́n fi ń wọn gààrí lọ́jà, ni kí ẹ fi wọn àdàlù fún àpò kan. Rọ́bà 10 erùpẹ̀ òkè ilẹ̀ láti ibi tí koríko ti ń hù dáadáa; 3 iyanrìn odò tó yangí, tàbí èèpo ìrẹsì tí a sun di dúdú; 2 ewé tó ti jẹrà tán; àti ìdajì rọ́bà péré ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà, tó sì gbẹ. Ẹ̀kúnwọ́ eérú kan tó. Ẹ má po eérú mọ́ ìgbẹ́ tútù o, ńṣe ló máa lé náítírójìn rẹ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́, òórùn rẹ̀ ni ẹ ó máa gbọ́. Iyanrìn kíkúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé kò dára, ṣe ló máa dì mọ́ amọ̀ bíi búlọ́ọ̀kù. Ibi tí àpò máa dúró sí ni kí ẹ ti kún un, nítorí bó bá kún tán kò ní ṣeé gbé. Ẹ lu ihò bíi 10 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, pàápàá bí nàìlọ́nù bá wà nínú rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìgbẹ́ ti jẹrà? Ẹ fi omi rin ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ dì í sínú nàìlọ́nù fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ń ta yín nímú nígbà tí ẹ tú u, ẹ dá a padà síbi tó ti ń jẹrà. Fún àdàlù fúnra rẹ̀, ẹ gbin ẹ̀wà 10 sínú ike kékeré kan. Bí èyí tó hù kò bá tó 8, tàbí tí etí ewé wọn ń jó, ẹ fi erùpẹ̀ kún un kí ẹ tó na owó sí èébù.

Èébù gíráàmù 250 sí 500 tó. Ẹ fi eérú pa ojú ibi tí ọ̀bẹ kàn, ẹ sá a síbòòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ rì í tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ wá fi koríko gbígbẹ bo òkè.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ajílẹ̀ òyìnbó kún un, NPK 15-15-15 (èyí tó ní náítírójìn àti oúnjẹ irúgbìn méjì mìíràn ní ìwọ̀n kan náà), ṣíbí ìjẹun kan tí kò ga ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ lẹ́yìn tó hù, kó sún mọ́ etí àpò, kó jìnnà sí ìdí ìtàkùn. Òmíràn lẹ́yìn oṣù kan. Kò tún sí mọ́ o, nítorí ajílẹ̀ tó bá pẹ́ dé, ewé ló ń gbà á.

Àwọn kan, bí wọ́n bá rí i pé ewé ti pọ̀ jù, a gé ìtàkùn dànù, wọ́n ní agbára á lọ sísàlẹ̀. Ewé náà ló ń se oúnjẹ tí iṣu ń kó jọ. Ẹni tó gé e ti pa iná ààrò. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ bomi rin àpò gidigidi lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta bí ihò rẹ̀ bá là, kí iyọ̀ lè ṣàn jáde, kí ẹ má sì fi ohunkóhun kún un mọ́.

Gbogbo irúgbìn abiṣu kọ́ ló rí bákan náà. Ànàmọ́ ló ń tètè sọ ọ̀rá di ewé jù.  Ewùrà ń fara da ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ju iṣu funfun lọ. Kókò nìkan lẹ lè fún ní ìgbẹ́ tó jẹrà díẹ̀ sí i, kí omi sì máa rin ín dáadáa. Erùpẹ̀ tí ẹ bá sì dà jáde lẹ́yìn tí ẹ wa iṣu, ẹ má tún fi gbin iṣu lọ́dún tó tẹ̀lé e, nítorí aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ tó ń ba ara iṣu jẹ́ lè ti wà níbẹ̀ tó ń dúró de èébù tuntun.