Àtúnṣe: Igbó Ìtọ́jú ní Florida Kì í Ṣe Ọjà Gbogbo Ènìyàn

Ẹ kọ ọ́ pé láti ọdún 2016 ni ẹnikẹ́ni ti lè ra igbó (ewé marijuana) ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, kí ó sì gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni nǹkan bí ìdá 71 nínú 100 àwọn olùdìbò fọwọ́ sí igbó lọ́dún náà, ṣùgbọ́n fún ìtọ́jú aláìsàn nìkan ni. Dókítà tí ó ti yege ìdánwò tí òfin là sílẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ aláìsàn wò, kí ó rí i pé ó ní irú àìsàn tí òfin dárúkọ, bíi jẹjẹrẹ tàbí wárápá, kí ó tó fi orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ìjọba, kí aláìsàn náà tó gba káàdì. Ilé ìtajà tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ nìkan ni ó ti lè rà á, èyí tí a ń fà bíi sìgá kò sì gbọdọ̀ ju ounce 2.5 lọ láàárín ọjọ́ 35. Ní 2024, ìbò lórí igbó fún fàájì kò dé ìdá 60 tí òfin béèrè, nítorí náà kò wọlé. Ó ká mi lára jù lọ pé ẹ dárúkọ ẹ̀yìnkùlé, nítorí ẹni tí ó bá gbin igbó sílé níbẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n, kódà bí káàdì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.