Ta ló sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọba ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Níbi ìkómọ kan ní London lóṣù tó kọjá, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi tún gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Wọ́n ní ìdílé ọlọ́lá tó ti wà ní Ìlú Ọba láti ayé àwọn ọba tó ń gẹṣin jagun kò ju ìwọ̀nba lọ, pé láàárín ara wọn ni wọ́n ti ń fẹ́ ara wọn títí dòní. Òyìnbó yòókù tí à ń bá ṣiṣẹ́, tí à ń bá wọ bọ́ọ̀sì, mẹ̀kúnnù ọmọ mẹ̀kúnnù ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí ọkọ mi, ọmọ Norfolk tí àwọn baba rẹ̀ ṣe alágbàṣe lóko olóko, wọ́n ní, "Má bínú o, tìrẹ ò sí níbẹ̀." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu tiwa àti lẹ́nu àwọn òyìnbó fúnra wọn, ó sì ti sú mi. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Òbí méjì ló bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, mẹ́rin ló bí àwọn yẹn, mẹ́jọ ló bí mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ ní ìlọ́po méjì. Wọ́n bí Ọba Edward Kẹta ní 1312, ó sì kú ní 1377. Tí a bá fi ọgbọ̀n ọdún ka ìran kan, nǹkan bí ìran méjìlélógún ló wà láàárín òun àti àwọn tó ti dàgbà lóde òní. Tí ẹ bá ka ìran méjìlélógún sẹ́yìn fún ẹnì kan ṣoṣo, ààyè baba ńlá àti ìyá ńlá tí ẹ máa bá níbẹ̀ lé ní 4,000,000. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn 1348 ti kó àìmọye lọ, àwọn òpìtàn fojú díwọ̀n gbogbo ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta péré. Ààyè pọ̀ ju èèyàn lọ! Àwọn kan náà ló gbọ́dọ̀ máa padà wá gba ààyè lọ́nà púpọ̀. Edward tí ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún dàgbà, tí àwọn ọmọ wọn sì tàn káàkiri ilẹ̀ náà, báwo ni ẹni tí gbogbo ìdílé rẹ̀ ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látayébáyé ṣe fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Tí ẹ bá lọ sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ Charlemagne, ọba ńlá kan ní Yúróòpù, tí wọ́n dé ládé ní Róòmù lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 800, ààyè á lé ní tírílíọ̀nù kan. Kò sígbà kankan tí èèyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ní 2013, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Peter Ralph àti Graham Coop, yẹ DNA àwọn ará Yúróòpù 2,257 wò. Wọ́n rí i pé àwọn tí ilé wọn jìnnà síra, tí ọ̀kan wà ní ìkangun kan, tí èkejì wà ní ìkangun kejì, baba ńlá púpọ̀ ló pa wọ́n pọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

"Ṣùgbọ́n ọlọ́lá kì í fẹ́ tálákà." Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Nílé wa, ọmọ-ọmọ-ọmọ ọba ṣì ń jẹ́ ọmọba, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àrẹ̀mọ nìkan ló ń jogún oyè àti ilẹ̀. Àbúrò rẹ̀ á di jagunjagun tàbí agbẹjọ́rò, ọmọ àbúrò á di oníṣòwò, ọmọbìnrin oníṣòwò á fẹ́ àgbẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní rántí ilé ọba mọ́. Ọmọ sì pọ̀! Ralph Neville, ìjòyè Westmorland, tó fẹ́ Joan Beaufort, ọmọ-ọmọ Edward Kẹta, bí ju ogún ọmọ lọ látinú ìyàwó méjì. Ibo lẹ rò pé gbogbo wọn wọlé sí?

Ẹ wo Danny Dyer, òṣèré tí wọ́n bí sí ìlà-oòrùn London, tó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ní 2016, BBC tọ ìran rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Edward Kẹta. Gbogbo èèyàn lanu. Èmi ò rí ohun ìyanu níbẹ̀, ọ̀nà tó gbà débẹ̀ ló wú mi lórí. Ó gba ọ̀dọ̀ Elizabeth Seymour, àbúrò Olorì Jane, ìyàwó Ọba Henry Kẹjọ. Elizabeth yìí ti inú Edward wá. Ọkọ rẹ̀ ni Gregory, ọmọ Thomas Cromwell, ọwọ́ ọ̀tún Ọba Henry Kẹjọ. Bàbá Thomas yìí, alágbẹ̀dẹ ni ní Putney. Ọmọ-ọmọ alágbẹ̀dẹ ló fẹ́ ọmọ ìdílé ọba yẹn o, ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn.

Thomas Cromwell kan náà ló pàṣẹ ní 1538 pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n rì bọmi, àwọn tó ṣègbéyàwó àti àwọn tí wọ́n sin. Èmi àti ìyá ọkọ mi ti jókòó ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Norfolk. Inú èmi àti ìyá a máa dùn bí a bá rí orúkọ kan tá a ń wá. Nígbà tá a dé àwọn ọdún 1600, ọ̀nà dí: "Mary, ìyàwó rẹ̀," kò sí orúkọ bàbá Mary, kò sí ìlú rẹ̀. Kí ìwé yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ní ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ nǹkan nípa rẹ̀ dáadáa. Bí onílẹ̀ tó ń sin ọba bá kú, àwọn ìránṣẹ́ ọba á jókòó, wọ́n á béèrè ẹni tó jẹ́ àrólé rẹ̀ àti ọjọ́ orí ẹni náà, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ló ṣọ̀wọ́n. Mary yẹn ní bàbá, bàbá rẹ̀ náà ní bàbá. (Ẹni tó bá sì fẹ́ ta àmì ìdílé fún yín nítorí orúkọ tí ẹ ń jẹ́, ẹ má dá a lóhùn. College of Arms, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àmì ìdílé, tó ti wà ní London láti 1484, sọ ọ́ gbangba pé kò sí àmì tó jẹ́ ti orúkọ. Ti ẹnì kan àti àwọn àrólé rẹ̀ ni.)

Àwọn tó ní ìwé pàápàá ńkọ́? Ní 2012, wọ́n hú egungun Ọba Richard Kẹta, tí òun náà jẹ́ ìran Edward Kẹta láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ bàbá, jáde lábẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní Leicester. DNA tí ìyá ń fún ọmọ bá ti àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà láàyè nígbà náà mu. Wọ́n wá mú èyí tí bàbá ń fún ọmọkùnrin, wọ́n fi wé ti ọkùnrin márùn-ún tí ìwé sọ pé ìran Edward Kẹta ni wọ́n láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ bàbá, nípasẹ̀ Duke of Beaufort karùn-ún, ìjòyè ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọ̀kan tó bá ti Richard mu. Ọ̀kan nínú wọn ò tiẹ̀ bá mẹ́rin yòókù mu. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Ó kéré tán, ibì méjì wà lójú ọ̀nà yẹn tí ọkùnrin tí ìwé dárúkọ kì í ṣe ẹni tó bí ọmọ.

Ó dáa, mo gbà pé ìṣirò ò lè sọ ọ̀nà tí ọkọ mi gbà débẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ìrìn àti ìdúró ọlọ́lá la fi ń mọ̀ ọ́n náà ò lè sọ ọ́. Ìdajì DNA òbí ló ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Lẹ́yìn ogún ìran, ọ̀pọ̀ baba ńlá ni ẹyọ DNA wọn kan kò kù lára àwọn tó ti inú wọn wá, wọn ì báà wọ adé tàbí kí wọ́n túlẹ̀. Ìrìn wo ni Edward wá fẹ́ fún ẹnì kan?