Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ẹjọ́ Ẹfúnṣetán Lọ́wọ́ Àwa Òǹkàwé

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ àbúrò mi tó wà ní kíláàsì àgbà nílé ẹ̀kọ́ girama gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá bá mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ni wọ́n ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ Yorùbá. Mo ṣí ibi tí wọ́n kọ "Ìfìwàwẹ̀dá" sí. Ìlà méjì ni mo bá níbẹ̀: "Ẹfúnṣetán: òṣìkà, ọ̀dájú, apànìyàn. Adétutù: aláìṣẹ̀." Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní, "Màmá, olùkọ́ wa ló pè é, a sì kọ ọ́." Mo ní ìwé eré náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ní àwọn ò ní in, èyí tí àwọn kọ yẹn ti tó.

Inú bí mi, kò sì tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni méjì jà, ẹnìkan rojọ́, adájọ́ ti dìde ńlẹ̀: kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kì í rò ni pé òwe náà kan ìwé kíkà. Ẹni tó bá pe ẹ̀dá-ìtàn ní òṣìkà láì jẹ́ kó rojọ́ tirẹ̀, òun gan-an ni àgbà tí òwe ń bá wí. Ẹfúnṣetán di àbúrò rẹ̀ nínú ìkà.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ obìnrin yìí bí òǹkọ̀wé ṣe gbé e kalẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin. Orí ìkúnlẹ̀ lọmọ náà kú sí. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun tó bá lóyún, pípa ni. Ẹrúkùnrin tó bá sì fún obìnrin lóyún, pípa ni. Adétutù, ẹrúbìnrin rẹ̀, lóyún fún Ìtáwuyì, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Ìkà ni, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi omi wẹ ọwọ́ Ẹfúnṣetán. Ṣùgbọ́n ẹ tún òfin náà wò. Nínú gbogbo ohun tí ẹrú lè ṣe tó lè bí olówó rẹ̀ nínú, kí ló dé tó fi jẹ́ oyún ló dájú sọ? Ikùn ló pa ọmọ rẹ̀. Kò fẹ́ rí ikùn tó yọ mọ́ nínú ọgbà rẹ̀. Ọlọ́run ló ń bá jà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó Ọlọ́run, ló bá gbé ìjà náà wá sórí àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ká ní tálákà ni, inú yàrá ni ì bá ti sunkún títí ilẹ̀ á fi mọ́. Olówó ni, ó lẹ́rú, ó jẹ Ìyálóde, ẹkún rẹ̀ di idà. Ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ eré náà wà! Ọmọ tó kọ "òṣìkà" sílẹ̀ tó fa ìlà sí i nídìí kò tíì débẹ̀ rárá.

Èyí tó tún ń dùn mí ni àwọn tó ń gba inú eré bọ́ sínú ìtàn ìlú láìkan ilẹ̀kùn. Mo ń rí wọn lórí Facebook, wọ́n á gbé àwòrán obìnrin kan tó di gèlè sókè, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé obìnrin tó burú jù lọ ní Ìbàdàn nìyí. Ẹfúnṣetán gidi wà, Ìyálóde Ìbàdàn ni. Ọdún 1874 ni Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, rọ̀ ọ́ lóyè. Àlùfáà Samuel Johnson to ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, nígbà tí Ààrẹ sì ń bọ̀, kò jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi kó kí i kú àbọ̀. Ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn. Èwo ni ti aboyún níbẹ̀? Nínú eré, Ẹfúnṣetán fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nínú ìwé Johnson, àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n lò láti pa á lóru, ọmọ tó gbà tọ́ sì mọ̀ sí i. Ìṣọ̀lá kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, eré ló kọ, ẹni tó bá kọ eré lẹ́tọ̀ọ́ láti hun ìtàn bó ṣe fẹ́. Àwa la sọ eré di ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́.

Ẹ sì wò ó, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ẹ̀dá-ìtàn. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938, Kàkó oníkùmọ̀ ekùn, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú ìtàn náà, ń múra àtilọ sí Òkè Láńgbòdó. Obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kò ní í lọ. Kàkó ṣá a pa, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Mo ti rí àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé lórí rẹ̀: akínkanjú, alágbára, ẹni tó fẹ́ràn ìlú rẹ̀. Obìnrin tó kú ńkọ́? Kò ní ìlà kan ṣoṣo. Ọkùnrin pa ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, a pè é ní akin. Obìnrin pa ẹrú rẹ̀, a pè é ní òṣìkà. Mo fẹ́ kí olùkọ́ kan gbé ìbéèrè yìí síwájú kíláàsì, kó sì dákẹ́ kí àwọn ọmọ bá a jiyàn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta aṣọ. Bí aboyún bá yà sí ìsọ̀ rẹ̀, ńṣe ló máa dìde wọlé lọ, á di ìgbà tí onítọ̀hún bá lọ kó tó jáde. Àwa ọmọdé ń pè é ní àjẹ́. A máa ń sáré kọjá níwájú ilé rẹ̀. Ọjọ́ kan ni màmá mi gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó gbá mi létí, ó wá ní, "Ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bó bá ṣe igúnnugún, á wokoko mórí ẹyin." Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọmọ ìyá náà obìnrin kú nílé ìgbẹ̀bí, tọmọ-tọmọ, àti pé ìyá yìí ló di aṣọ tí wọ́n máa fi gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka Ẹfúnṣetán, òun ni mo rí. Ìyá aláṣọ kò pa ẹnikẹ́ni o. Kò lágbára rẹ̀ ni, àbí ọkàn rẹ̀ ló dára? Mo ṣì ń rò ó.

Òwe àkàlàmàgbò yẹn ni kí ẹ fi ka ìwé, ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ bi ọmọ pé kí ló ṣe ẹ̀dá yìí tó fi dẹ́kun ẹ̀rín? Ojú ìwé wo lo ti rí i? Ọ̀rọ̀ wo ló ti ẹnu rẹ̀ jáde tó tú u fó? Kí ni Adétutù ì bá sọ bí wọ́n bá fún un láyè? Ẹ má pe "kọ ọ́ sílẹ̀" fún wọn mọ́. Ẹni tó ń pe àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn fún ọmọ ọlọ́mọ kò kọ́ni níwèé. Ẹ̀yin òbí tó ń ra dátà, tí ẹ ò lè ra ìwé eré kan ṣoṣo, ẹ̀bi yín kò kéré. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ̀ ń há ìdájọ́ sórí láì tíì gbọ́ ẹjọ́. Lọ́la ẹ ó di adájọ́, ẹ ó di ìyàwó ilé, ẹ ó di alága àdúgbò, bí ẹ ṣe máa dá ẹjọ́ aládùúgbò yín náà nìyẹn.

Mo ti gba ìwé àkọsílẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ọmọ àbúrò mi, mo sì ti ra eré náà fún un. Ó dìgbà tó bá kà á tán, tó jókòó níwájú mi, tó gbẹnu Ẹfúnṣetán rojọ́, tó sì gbẹnu Adétutù rojọ́, kó tó rí i gbà.