Ẹ Bá Mi Ka Òru Tí Àjẹ́ Ké Tí Ọmọ Kò Kú

Lọ́jọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, kí wọ́n tó pín oúnjẹ tán ni gbogbo ilé ti gbọ́ pé Màámi ti rí ikú náà lójú àlá. Eyín iwájú kan ló yọ bọ́ sí Màámi lọ́wọ́ lójú oorun, kò ṣẹ̀jẹ̀, kò sì dùn wọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin ni wọ́n pè wá pé Bàbá ti lọ. Lábẹ́ kánópì, àwọn ìyàwó ilé ń mi orí: "Ẹ ò rí i? Ọlọ́run ti fi han Ìyá tẹ́lẹ̀." Àǹtí kan wá bi Màámi pé nígbà tí wọ́n rí irú àlá bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò gbààwẹ̀ lé e lórí, bóyá Bàbá ì bá ṣì wà. Màámi kò fèsì. Ojú wọn ni mo ń wò. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ru ẹrù ikú tí wọn ò mọwọ́ tí wọn ò mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, ẹrù yẹn ló sì mú mi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Ẹni ọdún 81 ni Bàbá. Àtọ̀gbẹ ti ń bá wọn fínra tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí a lọ kí wọn lásìkò Iléyá, ẹsẹ̀ wọn ti wú, wọn ò lè dá dìde mọ́. Màámi wà níbẹ̀. Nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, Màámi kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Mọníyà. Ohun tí ojú wọn rí lọ́sàn-án tí ẹnu wọn kò lè sọ, ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ó tẹ̀ lé wọn wọnú oorun?

Àlá eyín náà kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò dá ọjọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, eyín tó bá yọ lójú àlá, èèyàn ẹni ló fẹ́ kú. Èèyàn ẹni wo? Mo jókòó, mo ka ìdílé bàbá mi, mo ka ti ìyá mi, mo ka àwọn àna, mo ka àwọn ará ìjọ tí a jọ ń ra aṣọ ẹbí. Wọ́n ju 200 lọ. Agbára káká ni oṣù méjì fi ń kọjá kí a má gbọ́ pé ẹnì kan kú nínú wọn. Bó bá jẹ́ ọmọ bùọ̀dá kan ní Èkó ló kú lọ́sẹ̀ kẹta, òun ni eyín náà ì bá jẹ́. Bó bá jẹ́ ìyá ìjọ ló kú lóṣù kejì, òun náà ni.

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, bí ìgbà tí ẹjọ́ bá ti parí síbẹ̀ ni wọ́n sì máa ń pa á. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè fún òwe náà: òru mélòó ni àjẹ́ ti ké tí ọmọ kankan kò kú? Ọmọ mélòó ló sì kú láìjẹ́ pé ohunkóhun ké lóru? Láyé ìgbà tí wọ́n ti ń pa òwe yìí, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, èéyi àti ibà ń kó àwọn ọmọdé lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹyẹ òru kò sì jẹ́ ṣàì ké. Bí nǹkan méjì bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ báyìí, dandan ni kí wọ́n pàdé níjọ́ kan, ọjọ́ tí wọ́n pàdé yẹn nìkan ni a sì máa ń rántí.

Àlá pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ní 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago kọ̀wé nípa ohun kan tí wọ́n ṣàkíyèsí lára àwọn tó ń sùn: àsìkò kan ń bọ̀ lóru tí ẹyinjú á máa yí kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú, bí wọ́n bá sì jí ènìyàn lásìkò náà, ó sábà máa ń ní àlá láti rọ́. Bí nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 bá ti kọjá, àsìkò náà á tún padà wá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó sùn mọ́jú lè kọjá nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kí ó tó fọ ẹnu láàárọ̀, púpọ̀ nínú ohun tó rí ti pa rẹ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń lọ lọ́nà lọ́sàn-án tó rí ọkọ̀ àjàgbé tó ṣubú, àwòrán kan nínú àwọn tó sá pamọ́ lè ta jí, á sì figbe ta pé, "Mo lá èyí!" Bí ọkọ̀ kankan kò bá ṣubú, àlá ọkọ̀ yẹn kò ní padà wá sọ́kàn rẹ̀ mọ́ láé. Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Àwọn àlá wa tí kò ṣẹ náà, inú wa ni wọ́n ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ kún un. Ká ní ìlú kan ní ènìyàn mílíọ̀nù kan (Ìbàdàn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa). Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rántí àlá kan péré láràárọ̀. Ká tún ní ó ṣòro gan-an kí àlá bá ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà mu, tó fi jẹ́ pé nínú 10,000 àlá, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣèèṣì bá a mu. Ẹ pín mílíọ̀nù kan sí ọ̀nà 10,000. Ènìyàn 100 ni. Lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, ènìyàn 100 nínú ìlú yẹn á rí i kí àlá wọn ṣẹ kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, láìsí ọwọ́ wòlíì, àjẹ́ tàbí áńgẹ́lì kankan níbẹ̀. Àwọn 100 yìí á sọ fún aládùúgbò, wọ́n á jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn 999,900 tó kù kò ní sọ nǹkan kan. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Ta ló máa ń dìde jẹ́rìí pé òun lálàá pé ọkọ òun ní jàǹbá mọ́tò, ọkọ òun sì wọlé lálàáfíà nírọ̀lẹ́?

Wọ́n ti ka irú àwọn àlá tó kù yìí rí, ó sì wù mí kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ àlá ń jẹ lọ́kàn mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1932, wọ́n jí ọmọ Charles Lindbergh gbé ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Lindbergh yìí ló kọ́kọ́ dá nìkan wa ọkọ̀ òfuurufú sọdá òkun Àtìláńtíìkì láìdúró, ní 1927, kò sì sí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Ìròyìn rẹ̀ ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń gbọ́ sùn, òun ni wọ́n ń gbọ́ jí. Kí wọ́n tó rí ọmọ náà, Henry Murray àti D. R. Wheeler, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Harvard, ní kí ìwé ìròyìn bá àwọn kéde pé kí ẹni tó bá lálàá nípa ọmọ náà kọ ọ́ ránṣẹ́. Àlá tó ju 1,300 ló wọlé. Ohun tó mú kí èyí ṣe iyebíye lójú mi ni pé wọ́n ti wà nílẹ̀ ní kíkọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Kò sí àyè fún "mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀".

Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, wọ́n rí òkú ọmọ náà nínú kòtò tí kò jìn, láàárín igi, tí kò jìnnà sílé àwọn òbí rẹ̀. Murray àti Wheeler padà sórí àwọn àlá náà. Nínú 100, nǹkan bíi márùn-ún péré ló ní ọmọ náà ti kú. Èyí tó sọ pé ó kú, pé wọ́n sin ín, pé àárín igi ni wọ́n sì sin ín sí, mẹ́rin ni. Mẹ́rin, nínú èyí tó ju 1,300 lọ.

Ká ní ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn ń gbé ládùúgbò wa, ta ni yóò bá a jiyàn? Èrò á kún iwájú ilé rẹ̀. Àwọn tó rí ọmọ náà láàyè lójú àlá tiwọn ńkọ́? Àwọn náà fọkàn sí i, àwọn náà gbàdúrà, omijé gidi ni wọ́n fi jí. Kò sí ẹni tó ń wá wọn wá.

Ẹnì kan á ní, "Tèmi yàtọ̀. Mo rí i bó ṣe rí gan-an, títí dórí àwọ̀ aṣọ tí olóògbé wọ̀." Mi ò pe ẹnikẹ́ni lópùrọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìrántí kì í dúró lójú kan. Ní 1972, kí Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, tó lọ sí Ṣáínà àti Mọ́síkò, Baruch Fischhoff àti Ruth Beyth ní Ísírẹ́lì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ bí wọ́n ṣe rò pé oríṣiríṣi nǹkan lè ṣẹlẹ̀ tó. Lẹ́yìn tí Nixon padà dé, wọ́n ní kí wọ́n rántí ohun tí wọ́n sọ. Èyí tó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n rántí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti fọwọ́ sọ̀yà lé e ju bí wọ́n ṣe ṣe lọ. Wọn kò purọ́ rárá. Ọ̀sán mẹ́ta péré, àlá tí a ti rọ́ fún ènìyàn márùn-ún ti ní ìlẹ̀kùn tí kò ní tẹ́lẹ̀, aṣọ tó wà níbẹ̀ sì ti di funfun. Àlá tí wọ́n ní Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, lá nípa ikú ara rẹ̀ kí wọ́n tó yìnbọn pa á ní 1865, inú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jáde ní 1895 ló ti gbajúmọ̀. Ọgbọ̀n ọdún gbáko!

Bó bá jẹ́ pé ìtàn lásán ni, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá àgbà kan tí kò fojú kan àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, torí pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lálàá pé ìyá náà bu àmàlà fún òun, oyún tó wà nínú rẹ̀ sì wálẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo mọ ọkùnrin kan tí inú ń run, tó ń jẹun lójú àlá, tí wọ́n ní májèlé òru ni. Wọ́n fi í sínú ààwẹ̀. Ebi tó ń mú un sùn tún ń mú un jẹun lójú àlá sí i, bó bá sì ti jẹun lójú àlá, wọ́n á fi ọjọ́ kún ààwẹ̀ náà. Ọgbẹ́ inú ni. Ìgbà tó ń bì ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan náà. Ní 2009, Carey Morewedge àti Michael Norton gbé ìwádìí jáde tí wọ́n fi bi àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà pé kí ló lè mú wọn fagi lé ìrìn àjò bàálù. Àlá pé bàálù já bà wọ́n lẹ́rù ju ìkìlọ̀ ìjọba lọ.

Wọ́n á bi mí pé Jósẹ́fù ńkọ́? Mi ò bá ìwé mímọ́ ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ìwé Oníwàásù, orí karùn-ún, ẹsẹ kẹta, sọ pé nípa ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ni àlá ti í wá. Àwọn Mùsùlùmí náà ní hádíìsì pé oríṣi mẹ́ta ni àlá, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni ohun tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ. Ẹni tó bá di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin ṣì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tó ju oorun lọ kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, mo ra ìwé kékeré kan fún Màámi. Mo ní àlá yòówù kí wọ́n lá, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Ó kọ́kọ́ ni wọ́n lára, àmọ́ wọ́n ń kọ ọ́.

Lóṣù tó kọjá, aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí wọ́n fi pè mí. Wọ́n ní kí n má lọ sí Ìlọrin mọ́, àwọn rí mi nínú aṣọ funfun tí omi ń gbé mi lọ. Ohùn wọn ń gbọ̀n. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì bá mi gbàdúrà. Mo lọ, mo ṣe ohun tí mo bá lọ, mo padà dé ní Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ jẹun lọ́dọ̀ wọn, mo bi wọ́n pé àlá ọjọ́sí ńkọ́.

"Àlá wo?"

Mo gbé ìwé náà wá. Wọ́n ka ohun tí ọwọ́ ara wọn kọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka náà dúró síbì kan. "Eyín." Ó tún dúró lójú ewé kejì. "Eyín" tún ni. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n bi mí pé ta ló kú lóṣù yẹn. A jọ rò ó lọ, a rò ó bọ̀, láti Ìsẹ́yìn dé Èkó. Mo ní, "Màámi, kò sẹ́ni tó kú."

Wọ́n mí kanlẹ̀.