Ẹni Tí Oúnjẹ Ń Dí Lọ́fun Kò Jẹ Májèlé, Epo Pupa Kò sì Lè Gbà Á

Bí ènìyàn bá jẹun níbi òde, tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ohùn rẹ̀ há, tí ó sì ń fọwọ́ di ọ̀fun mú, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ. Inú èrò yìí ni ìtọ́jú tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ti ń wá: ẹnìkan á sáré lọ gbé ìgò epo pupa níbi tí àwọn alásè wà, ẹlòmíràn á lu agolo mílíìkì, wọn á fa ẹni náà dìde, wọn á sì máa rọ epo sí i lẹ́nu kí májèlé lè bá èébì jáde. Àwọn tó ń ṣe é kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà. Irú àmì báyìí, tó yọ kíákíá lẹ́yìn oúnjẹ, kì í sábà jẹ́ ti májèlé, àkókò tí wọ́n sì fi ń wá epo ni ó yẹ kí wọ́n fi wá abẹ́rẹ́ adrenaline, oògùn tí ń la ọ̀nà mímí, tí ó sì ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ dìde.

Ara ẹni náà fúnra rẹ̀ ló dìde ogun. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní anaphylaxis nìyí, Charles Richet àti Paul Portier, onímọ̀ méjì láti ilẹ̀ Faransé, ló sì fún un ní orúkọ yẹn ní 1902. Wọ́n gún àwọn ajá ní oró ẹ̀dá inú òkun kan tí ń jẹ́ sea anemone. Nígbà tí wọ́n tún fún ajá tí ara rẹ̀ ti yá ní ìwọ̀n díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ajá náà ṣubú lójú ẹsẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi kú. Oró náà kò le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ara ajá ló ti dá a mọ̀, tí ó sì ti múra dè é. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Richet ní 1913. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara àwọn kan ṣe ń ka ẹ̀pà, edé, ẹja, ẹyin, mílíìkì, kajú tàbí yànmọ̀tí sí ọ̀tá. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á tú histamine àti àwọn nǹkan mìíràn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò sínú ẹran ara, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọ̀fun á wú, àwọn ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró á sì fún pọ̀. Ìdí nìyí tí igba ènìyàn fi lè jẹ nínú ìkòkò kan náà kí ẹnì kan ṣoṣo ṣubú, tí wọn á sì máa wo alásè tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ bí apànìyàn.

Epo pupa kò rí nǹkan kan ṣe sí èyíkéyìí nínú wọn. Nígbà tí ètè bá fi wú, ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀ ti dé inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bí a bá tilẹ̀ gbọ́n inú gbẹ, ogun tó ti bẹ̀rẹ̀ kò ní dáwọ́ dúró. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ń wú kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo tí a rọ sí i lẹ́nu lè yà sí ẹ̀dọ̀fóró, èébì tí a fi ipá fà náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ọmọdé ní Nàìjíríà mọ èyí láti ara àwọn ọmọ tó mu kẹrosíìnì, tí àwọn ará ilé fún ní epo pupa, tí wọ́n sì gbé dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí kì bá má le tó bẹ́ẹ̀. Ti mílíìkì tún burú sí i, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ wà lára oúnjẹ tí ara àwọn ọmọdé ń kọ̀ jù lọ.

Ìgbàgbọ́ kejì ni pé Piriton ti tó fún ìtọ́jú rẹ̀, èyí tí mo kà sí eléwu jù nítorí pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Piriton àti àwọn oògùn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń dá ara yíyún àti ara tó lé dúró, wọ́n sì wúlò bí ó bá jẹ́ pé kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n oògùn tí a gbé mì lè gba wákàtí kan kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì ní agbára láti la ọ̀fun tó ń dí tàbí láti gbé ìfúnpá tó ti já wálẹ̀ dìde. Ewu rẹ̀ gan-an ni pé ara á rọ̀, ara kò ní yún mọ́, gbogbo ilé á sì rò pé ó ti parí nígbà tí mímí ṣì ń le sí i. Hydrocortisone, oògùn tí ń mú kí wíwú rọlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kéékèèké máa ń fi ṣáájú, náà ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó ṣiṣẹ́. Ní 2021, ìgbìmọ̀ Resuscitation Council UK, tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú pàjáwìrì ní ilẹ̀ Bírítéènì, yọ oríṣi oògùn méjèèjì kúrò nínú ohun tí a ń kọ́kọ́ fún ẹni tí ó wà nínú anaphylaxis.

Adrenaline ni a ń kọ́kọ́ fún un. Ó wà nínú ìgò gíláàsì tín-ín-rín tí wọ́n kọ 1 mg/mL tàbí 1:1000 sí lára. Nọ́ọ̀sì á ṣẹ́ ọrùn rẹ̀, á fa ìdajì, ìyẹn 0.5 mL, sínú síríńjì fún àgbàlagbà, á sì gún un sínú ẹran itan, ní àárín, níhà òde. Ti ọmọdé kéré sí i, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni a ń wò. Bí ara kò bá yá lẹ́yìn 5 ìṣẹ́jú, a ó gún òmíràn. Inú ẹran ni ó ń lọ, nítorí pé rírọ gbogbo ìgò náà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ lè ṣe ọkàn léṣe. Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ alágbèéká tí ènìyàn lè fi gún ara rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ga, ṣùgbọ́n ìgò gíláàsì yìí wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, kò sì yẹ kí ilé ìwòsàn kankan wà láìní in. Ní ti àkókò, ìwádìí tí dókítà kan tí ń jẹ́ Pumphrey tẹ̀ jáde ní Bírítéènì ní 2000 fi hàn pé bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìdajì àwọn tí oúnjẹ pa ní kí ọkàn tàbí mímí wọn tó dúró.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ kò le bí a bá mọ ohun tí à ń wò. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, ara lè lé, ojú àti ètè lè wú; bí ikọ́, mímí tó ń hó, ohùn tó há, èébì tí kò dáwọ́ dúró, òòyì tàbí dídákú bá tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ara yíyún lásán. Àwọn kan wà tí ara wọn kì í lé rárá, tí ọ̀fun tàbí ìfúnpá nìkan ń dààmú, àwọn wọ̀nyí ni a sì máa ń tètè pè ní ẹni tí ikọ́ fée mú tàbí ẹni tí wọ́n fún ní májèlé jẹ.

Bí a ṣe gbé e sí tún ṣe pàtàkì. Kí ó dùbúlẹ̀, kí a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí mímí bá nira, kí ó jókòó, kí ó na ẹsẹ̀ síwájú. Bí ó bá ti dákú tàbí tí ó ń bì, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti já kò gbọdọ̀ dìde dúró, kò sì gbọdọ̀ rìn lọ wọ ọkọ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó kù lè ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ kí ọkàn má rí nǹkan tú jáde mọ́. Kí a gbé e. Ní Nàìjíríà, 112 ni a ń pè, ní Bírítéènì 999, ní Amẹ́ríkà 911, ṣùgbọ́n bí a bá mọ̀ pé ọkọ̀ kò ní tètè dé, ọkọ̀ tó bá wà nílẹ̀ ni kí a gbé e sí, kí ó sì dùbúlẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn.

“Ìgbà tó kọjá, ara rẹ̀ kàn lé díẹ̀ ni,” ni ọ̀pọ̀ máa ń wí. Ìyẹn kò fi dá ẹnikẹ́ni lójú pé ti ẹ̀ẹ̀kejì kò ní le. Bákan náà ni kò sí òtítọ́ nínú pé àìsàn òyìnbó ni; ìwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé edé, akàn àti irú wọn ń bá àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú jà ju àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun lọ. Ìṣòro tiwa ni pé edé tí a lọ̀ kúná kì í hàn nínú ẹ̀fọ́ rírò tàbí mọ́ínmọ́ín, yájì tí wọ́n wọ́n sórí súyà sì máa ń ní kúlíkúlí nínú, tí ẹni tó ń sá fún ẹ̀pà kò ní fi ojú rí. Ní Bírítéènì, Natasha Ednan-Laperouse, ọmọ ọdún 15, kú ní 2016 nítorí yànmọ̀tí inú búrẹ́dì tí wọn kò kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ méjì tí bàbá rẹ̀ gún un nínú ọkọ̀ òfuurufú kò sì gbà á là. Òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2021, ó sì pọn dandan fún ẹni tó ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá tàbí ike ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti tà níbẹ̀ kí ó kọ gbogbo èròjà rẹ̀ sára rẹ̀. Ìyá olónjẹ wa kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹnu ni a ó fi máa bi í, kí a sì bi í kí a tó jókòó.

Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá mú ara rẹ̀ yá kì í lọ sílé lójú ẹsẹ̀. Àìsàn náà lè padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láìjẹ́ pé ẹni náà tún jẹ ohunkóhun, nítorí náà kí ó dúró sí ilé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bí ó bá sì ṣeé ṣe kí ó sùn mọ́jú, pàápàá bí ó bá gba ju abẹ́rẹ́ kan lọ, bí ó bá ní ikọ́ fée, tàbí bí ilé rẹ̀ bá jìnnà sí ibi tí ó ti lè rí abẹ́rẹ́ mìíràn gbà lóru.