Irọ́ ni pé ìjẹ́wọ́ rìbá ń sọni di aláìjẹ̀bi

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp àwa Yorùbá tó wà ní Kubwa àti Nyanya, pé ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó bá ti jẹ́wọ́ pé òun fún ọ̀gá ìjọba l'Ábújá ní rìbá ti bọ́, kò ní san kọ́bọ̀. Irọ́ ni.

Ìjọba Amẹ́ríkà lè má gbé e lọ sílé ẹjọ́ lóòótọ́, bó bá tètè jẹ́wọ́ kí àṣírí tó tú, tó kó gbogbo ìwé sílẹ̀, tó sì tún ìwà rẹ̀ ṣe. Àmọ́ èrè tó jẹ nídìí iṣẹ́ tó fi rìbá gbà, yóò pọ̀ ọ́! Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò rìbá náà ṣì lè ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ rántí rìbá iṣẹ́ gáàsì Bonny: oṣù 30 ni wọ́n dá fún Albert Stanley, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ KBR tẹ́lẹ̀, ní 2012. Àánú Amẹ́ríkà ò sì de EFCC lọ́wọ́.