"E85 Ni E85": Ìgbàgbọ́ Tó Ń Ba Ọkọ̀ Tí A Tíùn Jẹ́ Nígbà Òtútù

Láàárín àwọn tó ń tíùn ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tó ń yí ètò inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì padà kí ọkọ̀ lè lágbára sí i, ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò: pé tí wọ́n bá ti kọ E85 sára pọ́ǹpù, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń jáde níbẹ̀ ni ẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kan tó ń jó bí epo), ìyókù ni pẹtiróòlù, lójoojúmọ́, ní gbogbo ilé epo. Torí ìgbàgbọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń san owó gọbọi fún tíùn kan ṣoṣo nínú oṣù keje, tí wọ́n á sì fi tíùn náà wọ oṣù kìíní láìbi ara wọn léèrè nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọjà ni 85 yẹn, ẹnikẹ́ni ò fi wọn epo tó wà nínú táńkì yín.

Ẹ wo ìlànà tí wọ́n fi ń po epo náà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní ASTM D5798. Ohun tó sọ ni pé ẹ́tánọ́ọ̀lù inú E85 lè jẹ́ iyekíye láti ìdá 51 títí dé ìdá 83. Ìdá 68 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2011 ni wọ́n fà á wálẹ̀ sí 51. Ẹ kíyè sí i pé òkè rẹ̀ gan-an ò dé 85, nítorí pé kí ẹ́tánọ́ọ̀lù tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti máa ń da pẹtiróòlù díẹ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Lára ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù, ẹ ó rí bébà aláwọ̀ ọsàn kan tí wọ́n kọ 51 sí 83 sí. Ojú gbogbo ayé ló wà. Lẹ́tà ńlá tó wà lókè rẹ̀ ni a máa ń kà.

Kí ló dé tí wọn ò fi í po ó ní ìwọ̀n kan náà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá? Nítorí òtútù ni. Epo tó bá ṣì ń ṣàn bí omi kì í jó dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ooru tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kó tó gba iná plọ́ọ̀gì. Inú pẹtiróòlù ni oríṣiríṣi nǹkan wà, àwọn kan fúyẹ́ débi pé wọ́n ti ń gbéra kúrò nínú omi kí ooru tó dé ìwọ̀n 40 lórí Celsius. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni, ìwọ̀n 78 ló sì ti ń hó. Tí a bá wọn agbára tí ooru rẹ̀ fi ń tì níta nígbà tí ara rẹ̀ bá wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 38, kò ju 2.3 psi (òǹkà tí wọ́n fi ń wọn agbára ìtì) lọ, nígbà tí pẹtiróòlù ìgbà òtútù lè dé 15. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ́tánọ́ọ̀lù pọ́ńbélé jí ẹ́ńjìnnì lówùúrọ̀ tí omi ti dì, bí ẹni tó ń ṣáná sí igi tútù ló rí. Ìdí nìyẹn tí ìlànà náà fi pín epo yìí sí ìsọ̀rí mẹ́rin, tó sì yan ìsọ̀rí fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Bí òtútù bá ṣe ń le sí i ni pẹtiróòlù inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n ń tà ní Minnesota nínú oṣù kìíní àti ohun tí wọ́n ń tà ní Florida lọ́jọ́ kan náà lè yàtọ̀ pátápátá, E85 sì ni orúkọ àwọn méjèèjì.

Amẹ́ríkà nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Sweden, nǹkan bí ìdá 75 ni wọ́n máa ń fà á wálẹ̀ sí nígbà òtútù. Ní Faransé, òfin gbà á láyè láti 65 títí dé 85.

Ìyípadà yìí ò sì ní ọjọ́ kan pàtó. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá gbé epo ìgbà òtútù dé ilé epo, orí èyí tó ṣẹ́ kù nínú táńkì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á lé. Ilé epo tí ọjà rẹ̀ ń yá yóò ti yí padà kíákíá. Èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ tà lè ṣì máa ta epo ìgbà ooru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Ilé epo méjì tó dojú kọra lójú títì kan náà lè máa ta ohun tó yàtọ̀ síra. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "oṣù kọkànlá ni mo máa ń pààrọ̀ tíùn mi" ń fojú díwọ̀n ni.

Ọkọ̀ tó bá ti iléeṣẹ́ wá gẹ́gẹ́ bíi flex fuel, ìyẹn èyí tó lè lo pẹtiróòlù àti E85, kò ní wàhálà. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ bó ṣe ń mọ iye ẹ́tánọ́ọ̀lù tó wà nínú epo, yálà nípa sẹ́ńsọ̀ tàbí nípa wíwo ohun tó ń jáde ní sàlẹ́ńsà, á sì ṣàtúnṣe fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tí a tíùn fún ìwọ̀n kan ṣoṣo ni mò ń bá wí, pàápàá èyí tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ rèé. Pẹtiróòlù kílò kan nílò nǹkan bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́ kó tó jó tán. Kílò 9 péré ni ẹ́tánọ́ọ̀lù nílò. Tí wọ́n bá tíùn ọkọ̀ yín nígbà tí epo jẹ́ E83 (ìyẹn èyí tí ìdá 83 rẹ̀ jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù), nǹkan bíi 9.9 ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí fáìlì tíùn inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ gbójú lé. Ẹ wá da E70 sí i: epo yìí ń fẹ́ 10.6. Nọ́sù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì ò mọ̀, iye tó ń fín tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń fín, epo á sì fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé. Tó bá wá jẹ́ E51 lẹ bá pàdé, 11.7 ló ń fẹ́, epo á sì fi ìdá 18 pọ̀ jù.

Ibí ni ìgbàgbọ́ kejì ti ń wọlé, òun ló sì ń dùn mí jù, nítorí pé ó ń fọkàn ẹni balẹ̀ nígbà tí kò yẹ kọ́kàn balẹ̀. Wọ́n á ní: "Ṣebí epo ló pọ̀ jù, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Epo púpọ̀ ò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́." Èèyàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá.

Ohun tí wọ́n gbàgbé ni ìdí tí wọ́n fi lọ bá E85 tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe torí pé nọ́sù ń fín epo púpọ̀ ni ọkọ̀ náà fi lágbára. Torí pé ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń tu afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì lára gan-an ni. Kí kílò kan rẹ̀ tó kúrò ní omi tó di ooru tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìgbóná tó ń fà mọ́ra ju ìlọ́po méjì ti pẹtiróòlù lọ, kílò rẹ̀ tí à ń lò sì tún pọ̀ jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í yára gbiná fúnra rẹ̀ tí a bá fún un pọ̀: octane rẹ̀ (òǹkà bí epo ṣe ń kọ̀ láti gbiná fúnra rẹ̀) tí wọ́n ń pè ní RON ju 105 lọ. Àǹfààní méjèèjì yìí ni ẹni tó tíùn ọkọ̀ náà gbára lé tó fi jẹ́ kí tọ́bò máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé, tó sì jẹ́ kí plọ́ọ̀gì tètè ṣáná kí písítìnì tó dé òkè. Nígbà tí ẹ́tánọ́ọ̀lù bá wálẹ̀ láti 83 sí 55, ìtutù yẹn dín kù, octane dín kù, ṣùgbọ́n tọ́bò ò dín kù, àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná ò sì yí padà. Epo tó kù lápá kan á gbaná fúnra rẹ̀ kí iná plọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀kì nìyẹn. Òun ló ń fọ́ etí písítìnì, tó ń ṣẹ́ ríìngì, tó ń jẹ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Epo tó pọ̀ lé díẹ̀ á tù ú lára díẹ̀, kò lè san gbèsè ohun tí ẹ́tánọ́ọ̀lù gbé lọ.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ nọ́ọ̀kì ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà lè fi fa àkókò ìṣáná sẹ́yìn ní ààlà, àti pé nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ písítìnì àti àwọn rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, ariwo máa ń pọ̀ débi pé ẹni tó tíùn ún ti dín etí sẹ́ńsọ̀ náà kù. Kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sọ́wọ́.

Àwọn míì á tún ní: "Géèjì AFR mi (èyí tó ń ka ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo) ò yí padà, 14.7 ló ṣì ń kà tí mo bá ń rìn jẹ́jẹ́, nítorí náà epo mi dára." Bẹ́ẹ̀ ni, kò ní yí padà. Ohun tí géèjì yẹn ń wọ̀n ni lambda, ìyẹn bóyá epo àti afẹ́fẹ́ ṣe déédéé (1 ni déédéé, tó bá dín sí 1, epo ló pọ̀ jù), ó wá fi òǹkà pẹtiróòlù gbé e jáde. Tó bá ti ṣe déédéé, 14.7 náà ló máa kọ, ìbáà jẹ́ E10, ìbáà jẹ́ E85. Tí ẹ bá sì ń rìn jẹ́jẹ́, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti ń dín epo kù lábẹ́lẹ̀ kó lè ṣe déédéé. Níbi tó ti ń dín in kù yẹn gan-an ni kí ẹ lọ wò: fuel trim. Tó bá jẹ́ òdo tàbí ẹ̀gbẹ́ òdo ló wà nígbà ooru, tó wá wálẹ̀ lọ sí òdì 7 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí nǹkan tó bàjẹ́, ẹ́tánọ́ọ̀lù tó wà nínú epo yín ti dín kù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ tọ́tù (pẹ́dàlì tí ẹ fi ń sáré) kanlẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà kì í wo ohun tó ń jáde ní sàlẹ́ńsà mọ́. Ohun tó wà nínú fáìlì ló ń tẹ̀ lé. Ìgbà yẹn ni gbogbo àṣìṣe náà ń yọjú lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí la wá lè ṣe?

Èyí tó dára jù ni sẹ́ńsọ̀ ẹ́tánọ́ọ̀lù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, irú tí GM ń lò, máa ń fi àmì iná mànàmáná ránṣẹ́, tí a ń ka iye ìgbà tó ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan (Hz): 50 Hz túmọ̀ sí pé kò sí ẹ́tánọ́ọ̀lù rárá, 150 Hz sì ni ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹ yọ 50 kúrò nínú ohun tó bá kà, ìdá ẹ́tánọ́ọ̀lù yín nìyẹn. Bí iná ṣe ń ní ipa lórí epo náà ló ń wò, torí pé ẹ́tánọ́ọ̀lù àti pẹtiróòlù yàtọ̀ síra gidigidi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á kẹ́ ẹ sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Tí fáìlì inú kọ̀ǹpútà ò bá ní ìlànà méjì, ọ̀kan fún epo tí ẹ́tánọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré àti ọ̀kan fún èyí tó pọ̀, tó sì mọ bó ṣe ń rìn láàárín méjèèjì, ohun ọ̀ṣọ́ orí dáṣíbọ́ọ̀dù ni sẹ́ńsọ̀ náà.

Ẹni tí kò bá ní owó sẹ́ńsọ̀ lè fi gíláàsì gígùn tó ní àmì ìwọ̀n dán epo wò. Ẹ bu omi sí i dé 50 ml, kí ẹ fi epo kún un dé 100, kí ẹ dé e, kí ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kó fìdí kalẹ̀. Ẹ́tánọ́ọ̀lù á kúrò lára pẹtiróòlù, á bá omi lọ, ojú ìlà tó wà láàárín wọn á sì gòkè. Iye tó fi kọjá 50, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tí omi àti ẹ́tánọ́ọ̀lù bá pàdé, wọ́n máa ń súnkì díẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ kà lè dín sí òótọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ máa ṣe é lọ́nà kan náà nígbà gbogbo, kí ẹ lè fi tòní wé tàná. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí iná ò sí.

Ọ̀nà kẹta wà tí mo fẹ́ràn gan-an fún ẹni tó ní tíùn kan ṣoṣo: kí ẹ má ṣe tíùn fún ohun tó wà ní pọ́ǹpù rárá. Ẹ tíùn fún E50. Nítorí pé ìlànà ò jẹ́ kí E85 lọ sísàlẹ̀ ju 51, ìgbàkigbà lẹ lè fi pẹtiróòlù olówó gọbọi, tí ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, fà á wálẹ̀ dé 50. Ẹ jẹ́ ká ní táńkì gálọ́ọ̀nù 15 tó ti gbẹ. Tí ohun tó wà ní pọ́ǹpù bá jẹ́ 83, gálọ́ọ̀nù 8.2 rẹ̀ lẹ máa rà. Tó bá jẹ́ 70, gálọ́ọ̀nù 10. Ẹni tó bá fi 8.2 ìgbà ooru rà á nígbà òtútù láìdán an wò, E43 ni yóò gbé lọ sílé. Agbára tí ẹ máa pàdánù ní E50 kò tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò, torí apá tó pọ̀ jù nínú àǹfààní tí ẹ́tánọ́ọ̀lù ń ṣe láti dènà nọ́ọ̀kì ti wọlé kí èèyàn tó dé ìdajì.

Ẹ má gbàgbé ọkọ̀ tí ẹ bá gbé pamọ́ láti ìgbà ooru. Epo E83 tó wà nínú rẹ̀ ò mọ̀ pé òtútù ti dé. Tó bá kọ̀ láti jí nínú oṣù kìíní, ẹ lè máa yẹ bátìrì àti plọ́ọ̀gì wò fún wákàtí púpọ̀, kó sì jẹ́ pé epo ni.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti oṣù kẹta àti ìkẹrin, tí kì í sábà wọ inú ìjíròrò. Ẹlòmíì á ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ yìí, á tún ọkọ̀ rẹ̀ tíùn sí E60 nínú oṣù kejìlá, á sì máa gbádùn. Nígbà tí ooru bá padà dé, tí pọ́ǹpù gòkè lọ sí E80, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: afẹ́fẹ́ á fi nǹkan bí ìdá 11 pọ̀ ju epo. Lambda tó yẹ kó jẹ́ 0.80 nígbà tí tọ́bò ń ṣiṣẹ́ gidi á di 0.89, nọ́sù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin agbára rẹ̀ ò sì ní lè bá a. Octane tó pọ̀ sí i lè bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ooru sàlẹ́ńsà á máa ròkè. Nítorí náà, ẹ máa dán epo wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra á láti ìparí oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, bí fuel trim bá sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí apá tó ń fi epo kún, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù títí ẹ ó fi dá fáìlì ìgbà ooru padà.